Owó Ìbọn Ayé Ijọ́sí, Owó Ilé Ìrántí Tòní

Láti ìgbà tí ìpàdé gbogbogbòò ti gbé iṣẹ́ ìkówójọ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun lé mi lórí ni mo ti dákẹ́ lórí gbogbo gúrúùpù wa. Àwọn àgbà ló sọ pé a kì í dákẹ́ ká ṣìwí. Mo dákẹ́ kí n lè wí ire ni.

Ohun tó mú mi dákẹ́ ni ìbéèrè kan tí àbúrò wa kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù béèrè lálẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn náà jáde. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìlú tí kò tíì ní omi tó dáa, kí ló fẹ́ fi ìbọn jíjẹrà ṣe?” Kí ilẹ̀ tó mọ́, èèyàn mẹ́tàlélógún ti fi àtàǹpàkò sí i. Mo kà á, mi ò bínú. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ èèyàn lè dáhùn rẹ̀.

Lónìí, mi ò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí, kò sí nọ́ńbà àkáǹtì níbẹ̀. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ: bí àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi ṣe dáwó nígbà kan rí, ohun tí owó náà rà, àti gbèsè tó fi sílẹ̀ fún wa.

*Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ra ìbọn*

Gbogbo wa la mọ orúkọ Kírìjì. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé ìró ìbọn ńlá tó ń dún láàárín àwọn òkè ló fún ogun náà lórúkọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí.

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Ìbàdàn ló di alágbára ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, wọ́n sì tẹ̀ síwájú wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ìlú tí wọ́n bá ti ṣẹ́gun, ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ yìí ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òun ni ojú Ìbàdàn nínú ìlú. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n sì ń fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ kí àlejò fọwọ́ kàn. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí ní ó tó gẹ́ẹ́, ó pa ajẹ́lẹ̀ tó wà ní ìlú wọn. Ìròyìn náà ràn bí iná inú ọyẹ́. Ìlú kan ń tẹ̀lé òmíràn, wọ́n dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ so wọ́ pọ̀. Ìparapọ̀ yẹn la mọ̀ sí Èkìtìparapọ̀.

Ẹ má rò pé wọ́n kàn dìde tí wọ́n sì borí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1878, àwọn àti àwọn tó bá wọn ṣe pàdé Ìbàdàn nítòsí Ìkirun. Ìbàdàn nà wọ́n ní ànàbolẹ̀. Ogun yẹn là ń pè ní Jálumi, nítorí pé àwọn tó ń sá lọ já lu omi, ọ̀pọ̀ wọn ò sì jáde mọ́.

Ìgbà yẹn ló hàn pé ìgboyà nìkan ò tó. Ìbọn ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ jagunjagun ní lọ́wọ́. Ẹ ó da ètù sí i lẹ́nu, ẹ ó ki ọta sí i, ẹ ó fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, kí ẹ tó yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré. Kí ẹ tó ki èkejì, ọ̀tá lè ti dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì rèé, ogun jíjà ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ti ń ṣe é láti ọjọ́ tó pẹ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ní Èkó nígbà náà, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà níbẹ̀. Ogun ló kó ọ̀pọ̀ nínú wọn tàbí àwọn òbí wọn lẹ́rú kúrò nílé. Àwọn kan ti Sàró bọ̀, àwọn kan ti Bràsíìlì bọ̀. Wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń wọ aṣọ òyìnbó, àmọ́ wọn ò gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Àwọn wọ̀nyí ló ní ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ ní Èkó. Ẹ wò ó dáadáa o: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni, bíi tiwa yìí. Wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó sọ̀rọ̀ nítorí àwọn ará ilé. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ni Joseph Pythagoras Haastrup, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣòwò ní Èkó, tó wá gorí oyè Ọwá Iléṣà ní 1896 gẹ́gẹ́ bí Àjímọ̀kọ̀ Kìíní.

Kí ni wọ́n fi owó ìdáwó náà ṣe? Wọ́n fi ra ìbọn ìgbàlódé, irú èyí tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn ki ọta sí, bíi Snider. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ lè yìn ín lọ́pọ̀ ìgbà kí oníṣakabùlà tó yìn lẹ́ẹ̀mejì, ọta rẹ̀ sì ń rìn jìnnà ju ti ṣakabùlà lọ. Wọ́n ń kó àwọn ìbọn náà gba ojú omi lọ sí ìhà ìlà oòrùn, wọ́n á sì gba ọ̀nà Oǹdó gòkè. Kì í ṣe owó àti ìbọn nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó mọ ìbọn náà lò fi Èkó sílẹ̀, wọ́n lọ sójú ogun lọ́dọ̀ Ògèdèǹgbé Agbógungbórò tó ti wá di olórí ogun Èkìtìparapọ̀.

Ìyàtọ̀ dé lóòótọ́. Ìbàdàn tó máa ń ṣígun lọ sí ìlú tó wù ú wá rí i pé ọ̀nà ti dí. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rà. Ogun di ìjókòó: Ìbàdàn tẹ̀dó sí ìhà Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ tẹ̀dó sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, ibùdó méjèèjì di ìlú tó ní ilé àti ọjà. Wọ́n bí ọmọ síbẹ̀. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ibùdó ní 1885, kò fojú kan ilé mọ́.

Àwọn àlùfáà méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sí ìhà kan bọ̀ sí ìhà kejì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, wọ́n kéde àlàáfíà lójú ogun. Àdéhùn náà fún àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀ ní òmìnira wọn. Wọ́n tú ibùdó, wọ́n sì dáná sun ún. Síbẹ̀, 1893 ni àwọn ogun yòókù tó so mọ́ ọn tó tán pátápátá nílẹ̀ Yorùbá. Láti 1877 tí Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ti kọ́kọ́ wọ̀yá ìjà, ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko nìyẹn.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan jókòó sí Èkó, wọ́n dáwó, owó náà sì bá wọn yí ogun padà. Ẹni tó bá ní ìdáwó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ò lè ṣe nǹkan gidi, kó lọ bi Ààrẹ Látòósà.

*Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa*

Owó ra ìbọn nígbà yẹn. Àwọn ìbọn náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa nílé wa, kí n má bàa na ìka sí ilé ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìbọn kan wà lórí àjà ilé bàbá bàbá mi. Wọ́n fi aṣọ òfì kan tó ti gbó wé e. Màmá àgbà kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Wọ́n máa ń sọ pé, “Ìyẹn ti Kírìjì bọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi.” Mi ò lè búra pé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n rà ní Èkó ni, nítorí a ò fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ páànù ilé náà, ẹ̀gbọ́n mi kan kó gbogbo irin tó wà lórí àjà fún àwọn ọmọ tó ń ra irin àlòkù. Wọ́n gbé ìbọn náà lé òṣùwọ̀n pẹ̀lú páànù tó ti jẹrà. Owó tí wọ́n fún un ò ra ju búrẹ́dì méjì lọ. Kò ṣe é torí pé ó burú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun tó yẹ ká tọ́jú ni, kò sì sí ibi tí ì bá gbé e lọ ká ní ó mọ̀.

Ìwé gan-an ò bọ́ nínú ewu. Samuel Johnson tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìtàn àwọn Yorùbá sílẹ̀. Ó parí rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láì rí ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló wá jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tó fi ti èkejì ránṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e, ìwé náà sì bá ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. 1921 ló tó jáde. Ká ní Obadiah sọ pé “òógùn ẹ̀gbọ́n mi ti ṣòfò, kí n má fi tèmi kún un,” ọ̀pọ̀ ohun tí mo sọ lókè yìí ni à bá máa méfò.

Ìtàn ò ní ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Ẹni tó bá gbé e ló ń bá a rìn.

*Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣe tiwọn*

Kí n tó gba iṣẹ́ yìí, mo bi ara mi pé báwo ni àwọn tó ti kọ́ irú ilé yìí ṣe rí owó rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni mo rí.

Èkínní wà nítòsí wa. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun ti orílẹ̀-èdè wa wà ní Umuahia, ìpínlẹ̀ Ábíá. 1985 ni wọ́n ṣí i. Orí ibi tí yàrá abẹ́ ilẹ̀ Rédíò Biafra wà ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹni tó bá débẹ̀ á rí ọkọ̀ ojú omi ogun NNS Bonny tó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Á rí ọkọ̀ ogun tí wọ́n ń pè ní Red Devil, tí àwọn Biafra fi ọwọ́ ara wọn tò, àti Ogbunigwe tí wọ́n rọ. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ fún ogun ayé àtijọ́: ọfà, ọ̀kọ̀, idà, asà. Owó ìjọba àpapọ̀ ló gbé e dúró. Ọ̀nà yẹn dára fún ogun tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè. Àmọ́ bí a bá ní ká jókòó de ìjọba àpapọ̀ kó wá kọ́ tiwa, ẹ̀yin náà mọ̀ pé irun àgbọ̀n wa á funfun síbẹ̀.

Èkejì jìnnà, Amẹ́ríkà ló wà, ní ìlú New Orleans. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn kan wà ní yunifásítì ìlú náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Stephen Ambrose. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ ogun tó ja Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hítílà. Ní 1990, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Nick Mueller, tí wọ́n jọ jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì náà, bẹ̀rẹ̀ èrò ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan New Orleans nínú ogun tí wọ́n jà ní etí òkun Faransé? Ọkọ̀ ojú omi ni. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Andrew Higgins máa ń kan ọkọ̀ pẹlẹbẹ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn irà tó yí ìlú náà ká. Ọkọ̀ irà yẹn ló sọ di ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ ogun gúnlẹ̀ sétí òkun láì nílò èbúté. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kan ọkọ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 20. Ọ̀gágun Eisenhower tìkára rẹ̀ sọ fún Ambrose ní 1964 pé Higgins ló bá wọn borí ogun náà. Nítorí náà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn ní ìdí tó fi jókòó síbi tó jókòó sí.

Bí wọ́n ṣe rí owó ló kàn mí jù. Ambrose kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀, ó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 dọ́là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá lọ bá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Louisiana. Ó bá àwọn gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀. Tom Hanks òṣèré àti Steven Spielberg olùdarí fíìmù fi owó ńlá sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló kọ lẹ́tà sí àwọn tó ti kọ́ ní kíláàsì rí, àwọn yẹn sì fi owó kékeré kékeré ránṣẹ́. Wọ́n tún dá ọgbọ́n bíríkì kan: ẹni tó bá sanwó, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rántí sára bíríkì, wọ́n á sì tẹ́ ẹ síbi tí àwọn èèyàn ń rìn gbà kọjá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2000, ọdún kẹrìndínlọ́gọ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀ ní Normandy, wọ́n ṣí ilé náà. Ọdún mẹ́wàá nìyẹn o, kì í ṣe oṣù mẹ́wàá. Ambrose kú ní 2002. Ìjì Katrina dé ní 2005, wọ́n ní láti ti ilé náà pa, síbẹ̀ kí ọdún náà tó parí wọ́n ti tún un ṣí. Òní, ó ti di ilé ńlá tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà mọ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun yẹn.

Mi ò sọ pé ká kọ́ irú New Orleans. A ò ní Spielberg. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo mú níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣíwájú ìkówójọ, àpò tirẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣí. Kí a tó ní ilé, ìtàn ẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n ni a ń kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Owó kékeré tó ní orúkọ èèyàn lára sì níyì, nítorí ẹni tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà lára bíríkì ò ní jẹ́ kí ilé náà wó.

*Ohun tí ilé náà gbọ́dọ̀ sọ*

Àwọn kan ti ń sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi han àwọn ará Ìbàdàn.” Ẹ forí jì mí, n ò ní kówó jọ fún ìyẹn.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ogun yẹn, ọmọ Yorùbá ló ń pa ọmọ Yorùbá. Ìhà kan ò mọ́ ju ìhà kejì lọ tán. Ní ìhà méjèèjì ni wọ́n ti kó èèyàn lẹ́rú, ní ìhà méjèèjì ni wọ́n ti tà á. Àwọn obìnrin ń ru oúnjẹ gun òkè lọ sí ibùdó lọ́dọọdún. Orúkọ wọn ò sí nínú oríkì ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ wà tí wọ́n bí sí ibùdó, tí wọ́n dàgbà síbẹ̀, tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àlàáfíà títí 1886. Bí ilé wa bá sọ ti Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi, kó sọ ti Látòósà náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó sì sọ ti obìnrin tó gbé ẹ̀kọ lọ. Àwọn ará ìhà kejì ní ìbọn àti ìtàn tiwọn lórí àjà. Èmi á kọ lẹ́tà sí wọn. Bí wọ́n bá dáwó, a ó gbà á. Bí wọ́n bá mú ohun ìrántí wá, a ó gbé e sójú kan náà pẹ̀lú tiwa.

Kó má sì dúró sí Kírìjì. Àwọn bàbá wa tó lọ ogun Hítílà ńkọ́? Gbogbo yín lẹ mọ ẹnìkan tí wọ́n ń pè ní “Bàbá Bọ́mà” ládùúgbò. Ẹ wo Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Ẹmùré-Ilé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ní 1944, ọta ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú igbó Bọ́mà. Ẹbí Mùsùlùmí kan níbẹ̀ ló fi í pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jàpáànù. Ó padà wálé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀, ó sì gbé ayé títí di 2012. Nítorí pé ó kọ ọ́ la ṣe mọ̀. Tiwa tí wọn ò kọ ńkọ́? Àwọn ọmọ wọn ṣì wà láyé. Bí a bá jẹ́ kí ọdún mẹ́wàá mìíràn kọjá, àwọn ọmọ ọmọ la ó máa bi, àwọn yẹn á sì sọ pé, “Mo ṣá gbọ́ pé ó lọ sógun.”

*Bí mo ṣe fẹ́ ṣe é*

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín tí ẹ ò kọ sórí gúrúùpù. Ẹ̀ ń rántí ìdáwó kan tí a ṣe lọ́jọ́ kan. Ẹ̀ ń rántí pé a pariwo, a jó, wọ́n ka orúkọ èèyàn nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, títí dòní a ò rí ẹni tó sọ iye tó wọlé fún wa. Èmi náà dáwó lọ́jọ́ náà. Ó dùn mí bó ṣe dùn yín. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó ṣí àkáǹtì kankan, ohun tí mo bá ìgbìmọ̀ fi ẹnu kò sí nìyí. Èmi tí mò ń ṣíwájú ni máa kọ́kọ́ sanwó, risíìtì mi ni yóò sì jẹ́ nọ́ńbà kìíní. Èèyàn mẹ́ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé kí owó tó jáde: ọ̀kan nílé, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan lẹ́yìn odi. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí iye tó wọlé, iye tó jáde àti iye tó kù nínú ìwé ìròyìn yìí, kódà bí ẹgbẹ̀rún kan náírà péré ló wọlé. Ẹni tó fún wa ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹni tó fún wa ní mílíọ̀nù kan, ojú ìwé kan náà ni orúkọ wọn yóò wà. Ẹni tí kò bá fẹ́ ká dárúkọ òun, a ó bo orúkọ rẹ̀, a ò ní bo owó rẹ̀.

Ohun tó sì ṣáájú owó nìyí. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, a ò ní ra àpò sìmẹ́ǹtì kan. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó wà nílé yóò máa lọ láti agbo ilé dé agbo ilé. Wọ́n á fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, wọ́n á ya àwòrán ohun tó wà lórí àjà, wọ́n á sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín. A ò ní gba nǹkan kan kúrò nílé ẹnikẹ́ni. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí a ò rí ohun tó tó kún yàrá kan, èmi fúnra mi ni máa sọ fún yín pé kò sídìí láti kọ́ ilé. Bí a bá sì rí i, a ó mọ irú ilé tó yẹ ká kọ́ àti iye tí yóò ná wa.

Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mo dé orí ìbéèrè rẹ wàyí. Òótọ́ lo sọ, ìlú wa nílò omi. Ìgbìmọ̀ omi wà lọ́tọ̀, àpò rẹ̀ wà lọ́tọ̀, mi ò sì ní gba kí kọ́bọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀ wá sínú tèmi. Bí apá rẹ bá ká ọ̀kan ṣoṣo, ti omi ni kóo san. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Àmọ́ wo àwọn ará Èkó ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò bá ti má padà sílé mọ́ láyé, torí ayé ti dẹ̀ wọ́n lọ́rùn níbi tí wọ́n wà. Wọ́n dáwó torí wọ́n mọ ìtàn ilé wọn, wọ́n sì mọ orúkọ ẹni tó ń jìyà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tìrẹ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ló máa mú kí wọ́n dáwó omi fún ìlú yìí ní ogún ọdún sí i, bí wọn ò bá mọ ohun kan nípa rẹ̀ ju orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà bàbá wọn lọ? Ìdí nìyẹn tí mo fi gba iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin ará ilé, iṣẹ́ kan péré ni mo bẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gun orí àjà. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá, ẹ wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn bàbá. Bí ẹ bá rí ìbọn tó ti dípẹtà, idà, àpò ọta, ìwé ìfẹ̀yìntì ológun, ẹ má tà á, ẹ má sì jó o. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ẹ sì dá a padà síbi tó wà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ pe àgbà kan nílé kó tó di ọjọ́ Sunday, ẹ bi í pé, “Ta ló lọ sógun nílé wa?” Ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbọn ilé wa ti lọ, búrẹ́dì méjì la fi í jẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a jẹ èyí tó kù. Ìlú wa á dáa o.